Kí wọ́n tó pààrọ̀ ìlẹ̀kùn ọkàn: ẹ kọ́kọ́ bèèrè ibi tí ẹ ó ti máa yẹ INR wò

Bí dókítà bá ti sọ pé ìlẹ̀kùn ọkàn aláìsàn ti bàjẹ́, pé iṣẹ́ abẹ ló kù, ìbéèrè mẹ́ta ni ẹbí máa ń bèèrè: èló ni, wákàtí mélòó ni, ṣé yóò jí? Kò sí èyí tí kò tọ́ nínú wọn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó máa pinnu bí aláìsàn yóò ṣe lo ọdún mẹ́wàá tó ń bọ̀ kì í sábà jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni: tí a bá délé tán, níbo la ó ti máa yẹ INR (ìwọ̀n bí ẹ̀jẹ̀ ṣe pẹ́ tó kó tó dì) wò, ta ni yóò máa ka èsì rẹ̀, ta ni yóò sì máa sọ iye warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, tí a ó lò? Iṣẹ́ abẹ fúnra rẹ̀ kò ju nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta sí márùn-ún lọ. Irú ìlẹ̀kùn tí wọ́n fi síbẹ̀ ni ẹ ó máa bá jí, tí ẹ ó máa bá sùn. Ẹ mú ìbéèrè yìí lọ bá dókítà kí ẹ tó fọwọ́ síwèé.

Ìlẹ̀kùn mẹ́rin ló wà nínú ọkàn, fáàfù ni wọ́n ń pè wọ́n nílé ìwòsàn. Iṣẹ́ wọn ni kí ẹ̀jẹ̀ máa lọ síwájú, kó má padà sẹ́yìn. Àwọn méjì tó wà lápá òsì ló ń ṣe iṣẹ́ tó le jù, àwọn náà ló sì máa ń bàjẹ́ jù. Mitral wà láàárín yàrá òkè àti yàrá ìsàlẹ̀, aláwẹ́ méjì ni bíi gbànja. Aortic wà lẹ́nu òpó ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí gbogbo ara, aláwẹ́ mẹ́ta nìyẹn. Tricuspid àti pulmonary wà lápá ọ̀tún. Ọ̀nà méjì ni ìlẹ̀kùn máa ń gbà bàjẹ́: kó fún tí kò ní ṣí tán mọ́, tàbí kó máa jò nítorí pé kò pa dé. Ẹlòmíràn ní méjèèjì pọ̀ lójú ìlẹ̀kùn kan ṣoṣo.

Ní Nàìjíríà, Benin àti Togo, ọ̀dọ́ ló pọ̀ nínú àwọn tí ìlẹ̀kùn ọkàn wọn bàjẹ́, ọ̀nà ọ̀fun ló sì ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó wà láàárín ọdún 5 sí 15 ní ọ̀fun dídùn láti ara kòkòrò streptococcus, kò rí oògùn tó péye lò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, oríkèé ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ibà sì mú un: ibà oríkèé nìyẹn. Àwọn ọmọ ogun ara tó ń lé kòkòrò náà ló ṣìnà, tí wọ́n kọjú ìjà sí oríkèé àti ọkàn. Oríkèé á san pátápátá, ọkàn kò ní san. Ó lè tó ọdún mẹ́wàá tàbí ogún kí èémí tó bẹ̀rẹ̀ sí í já, obìnrin púpọ̀ sì ni kì í mọ̀ títí wọn ó fi lóyún, nítorí ẹ̀jẹ̀ ara máa ń pọ̀ sí i nínú oyún, ìlẹ̀kùn tó ti fún kò sì lè gbà á kọjá. Fún àwọn bàbá àti ìyá wa tó ti dàgbà ní Britain tàbí Amẹ́ríkà, ọ̀tọ̀ ni tiwọn: káṣíọ̀mù ló ń lẹ̀ mọ́ ìlẹ̀kùn aortic títí tó fi le bí èèpo ìgbín. Bí wọ́n bá sì kó ọgọ́rùn-ún ènìyàn jọ, ẹnì kan tàbí méjì nínú wọn ni wọ́n bí pẹ̀lú aortic aláwẹ́ méjì dípò mẹ́ta. Ìyẹn máa ń tètè gbó.

Ìwé èsì echo yín (àyẹ̀wò tó ń fi ìró ya àwòrán ọkàn) kì í ṣe ti dókítà nìkan. Ẹ gba ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹ sì wo nọ́ńbà inú rẹ̀. Ojú ìlẹ̀kùn aortic tó dára fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin 3 sí 4. Tó bá ti dé 1 tàbí tó kéré sí i, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń sáré gbà á kọjá ní mítà 4 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tàbí tí ìyàtọ̀ ìfúnpá lójú rẹ̀ tó 40 mmHg, ó ti le gan-an nìyẹn. Mitral tó dára jẹ́ 4 sí 6. Tó bá ti di 1.5 sísàlẹ̀, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti eré. Ẹni tí aortic rẹ̀ fún tó bẹ́ẹ̀, tó ti ń dákú, tí àyà ń dùn ún, tàbí tí èémí rẹ̀ ń já, kò gbọdọ̀ máa sún ọjọ́ síwájú: láìsí iṣẹ́ abẹ, ọ̀pọ̀ irú wọn kì í lò ju ọdún méjì sí mẹ́ta lọ.

Nọ́ńbà kan wà tó máa ń tan ènìyàn jẹ. EF ni wọ́n ń kọ ọ́, ìdá ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tì jáde lẹ́ẹ̀kan ni, nínú ọgọ́rùn-ún. 55 sókè dára fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ṣùgbọ́n tí mitral bá ń jò gan-an, EF 60 ti jẹ́ àmì pé ọkàn ti ń rẹ̀. Ìdí ni pé ẹ̀jẹ̀ ń rí ọ̀nà ẹ̀yìn tó rọrùn sá gbà, ọkàn ń tì í láìlo agbára, nọ́ńbà náà wá ga ju bí agbára rẹ̀ ṣe jẹ́ gan-an lọ. Ọjọ́ tí wọ́n bá dí ojú jíjò náà ni agbára tòótọ́ máa hàn, EF á sì já wálẹ̀. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi lè sọ pé kí ẹ tètè wá nígbà tí ara yín ṣì le, tí ẹ sì rò pé owó ló ń wá. Ẹ tún wo ìwọ̀n yàrá ìsàlẹ̀ apá òsì nígbà tí ọkàn bá fún pọ̀ tán. Tó bá ti tó mìlímítà 40, jíjò mitral ti ń ba ọkàn jẹ́ nìyẹn.

Gbogbo ìlẹ̀kùn tó bàjẹ́ kọ́ ni wọ́n ń la àyà sí. Tí mitral bá kàn fún, tí àwẹ́ rẹ̀ ṣì rọ̀, tí kò jò púpọ̀, tí ẹ̀jẹ̀ kò sì tíì dì sí yàrá òkè, ẹ bèèrè bóyá wọ́n lè fi rọ́bà tó ń wú là á. Kanji Inoue àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan ló gbé ọ̀nà náà jáde ní 1984. Wọ́n á ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba inú iṣan ìdí itan títí dé ọkàn, wọ́n á fẹ̀ ẹ́ lójú ìlẹ̀kùn náà, àwẹ́ tó ti lẹ̀ mọ́ra á sì là. Aláìsàn á máa rìn lọ́jọ́ kejì. Kì í ṣe ìwòsàn àtìgbàdégbà, ṣùgbọ́n ó lè fún ọ̀dọ́mọbìnrin ní ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láti fi bímọ kí wọ́n tó wá sọ̀rọ̀ pípààrọ̀. Fún àgbàlagbà tí aortic rẹ̀ fún, wọ́n lè gbé ìlẹ̀kùn tuntun tí wọ́n ká jọ gba inú iṣan itan bákan náà. TAVI ni wọ́n ń pè é, Alain Cribier ló kọ́kọ́ ṣe é fún ènìyàn ní Rouen, ilẹ̀ Faransé, ní 2002. Kò wúlò fún mitral tí ibà oríkèé bàjẹ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi polówó fún yín.

Títún un ṣe dára ju pípààrọ̀ lọ níbi tó bá ti ṣeé ṣe. Ti àwọn àgbàlagbà tó kàn tú láti ara ọjọ́ orí máa ń ṣeé tún ṣe dáadáa. Ti ibà oríkèé le díẹ̀, nítorí àwẹ́ rẹ̀ ti nípọn, ó ti ká kò, okùn tó dì í mú sì ti kúrú. Ibẹ̀ ni pípààrọ̀ ti wọlé, ibẹ̀ náà sì ni ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀ ti wúlò.

Oríṣi méjì ni ìlẹ̀kùn àfirọ́pò. Èyí tí wọ́n ń pè ní onírin kì í ṣe irin gan-an mọ́. Ti àtijọ́, tí Starr àti Edwards gbé jáde ní 1960, jẹ́ bọ́ọ̀lù nínú àgò. Èyí tí wọ́n ń lò báyìí jẹ́ abala méjì tí wọ́n fi kábọ́ọ̀nù líle ṣe, irú rẹ̀ sì ti wà láti 1977. Kì í gbó. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ máa ń fẹ́ dì sí i lára, nítorí náà warfarin ni lójoojúmọ́, títí ayé. Èkejì ni ti ẹran: ìlẹ̀kùn ọkàn ẹlẹ́dẹ̀, tàbí awọ tó bo ọkàn màlúù tí wọ́n gé rán. Mùsùlùmí tí kò fẹ́ ti ẹlẹ́dẹ̀ kò ní láti jiyàn, kó sọ ọ́ ṣáájú, ti màlúù wà. Ti ẹran kì í béèrè warfarin títí ayé, oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà àkọ́kọ́ ni wọ́n sábà máa ń lò ó. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń gbó. Lára àgbàlagbà ó lè tó ọdún 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ; lára ọmọ ogún ọdún ó lè má tó 10, nítorí káṣíọ̀mù máa ń tètè bo ti ọ̀dọ́. Nígbà náà, wọ́n á tún la àyà, ìlà kejì sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí ọkàn á ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn egungun.

Ìlànà àwọn oníṣègùn ọkàn ní Amẹ́ríkà, ti 2020, sọ pé ẹni tí kò tó 50 tó nílò aortic, onírin ló yẹ ẹ́; ẹni tó lé ní 65, ti ẹran; àwọn tó wà láàárín, kí wọ́n jọ jókòó sọ ọ́. Fún mitral, 65 ni ààlà. Ọ̀pọ̀ ló ń ka ibẹ̀ tán tó ń pa ìwé dé. Ìlànà kan náà sọ pé ẹnikẹ́ni, ọjọ́ orí yòówù kó jẹ́, tí kò bá ní lè tọ́jú warfarin bó ṣe yẹ, tàbí tí kò fẹ́ ẹ, ti ẹran ni kí wọ́n fi sí i. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Ọmọ ọdún 24 ní abúlé tó jẹ́ wákàtí mẹ́ta sí ibi tí wọ́n ti lè yẹ INR wò, tí owó ọkọ̀ kò sí lójoojúmọ́: lójú tiwa, onírin tí kò ní àyẹ̀wò léwu fún un ju ti ẹran tí yóò gbó lọ. Ti ẹran á fún un ní ìkìlọ̀ oṣù tàbí ọdún kó tó bàjẹ́ tán. Onírin tí ẹ̀jẹ̀ dì mọ́ lè pa á láàárín wákàtí.

Iṣẹ́ abẹ ọkàn kì í ṣe ohun àjèjì ní Nàìjíríà. 1974 ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣí ọkàn ní Enugu. Wọ́n ń ṣe é ní Ìbàdàn, ní Èkó, ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ, ibi tó wà ní Korle Bu ní Accra náà sì súnmọ́ Cotonou àti Lomé ju India lọ. Ibi yòówù kí ẹ lọ, tí wọ́n bá dá iye owó lé yín, ẹ bèèrè bóyá owó ìlẹ̀kùn, owó ẹ̀jẹ̀, àti iye ọjọ́ tí ẹ ó lò ní ICU (yàrá ìtọ́jú àkànṣe) wà nínú rẹ̀. Àwọn mẹ́ta yìí ni owó máa ń gbà yọ síta.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, eyín ni ẹ kọ́kọ́ lọ tọ́jú. Eyín tó ti jẹrà ní kòkòrò tó lè bá ẹ̀jẹ̀ lọ jókòó sára ìlẹ̀kùn tuntun, nítorí náà kí wọ́n yọ ọ́ ṣáájú. Ẹni tó ti lé ní 40, wọ́n á yẹ iṣan tó ń bọ́ ọkàn wò, kí wọ́n lè tún un ṣe pọ̀ tó bá dí. Ẹ sọ jẹ́nótáìpù yín, kódà tí wọn ò bá bèèrè. Ní ìlú òyìnbó, dókítà lè má rántí. AS kì í dá iṣẹ́ abẹ dúró, ṣùgbọ́n wọn kò gbọdọ̀ mú kí ara tutù jù tàbí kí atẹ́gùn dín kù. SS lè gba pé kí wọ́n pààrọ̀ púpọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ti ń lo warfarin sábà máa ń dá a dúró ní ọjọ́ márùn-ún ṣáájú, dókítà ni yóò sọ bóyá abẹ́rẹ́ heparin, tí òun náà kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, yóò rọ́pò rẹ̀. Àgbo, ẹ dá a dúró ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kí ẹ sì jẹ́wọ́ pé ẹ mu ún. Dókítà tó ń kun aláìsàn lóorun kò ní bá yín jà. Ẹ̀jẹ̀ tí kò fẹ́ dá ni ìjà rẹ̀. Oúnjẹ dópin ní wákàtí mẹ́fà ṣáájú, omi lásán ní wákàtí méjì.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú yàrá náà nìyí. Tí oorun bá ti gbé aláìsàn, rọ́bà á wọ ọ̀nà ọ̀fun fún mímí, òmíràn á wọ iṣan ọwọ́ fún ìfúnpá, òmíràn ọrùn, òmíràn ojú ìtọ̀. Kámẹ́rà echo á gba ọ̀nà oúnjẹ sọ̀kalẹ̀ sí ẹ̀yìn ọkàn. Wọ́n á fi ayùn la egungun àárín àyà. Wọ́n á fún un ní heparin, yúnìtì 300 sí 400 fún kílò kan, tó fi jẹ́ pé ẹni kílò 60 á gba bíi 18,000 sí 24,000, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dì nínú ẹ̀rọ. Wọn kì í tan ẹ̀rọ náà títí àyẹ̀wò á fi fihàn pé ẹ̀jẹ̀ ń lò ju ìṣẹ́jú àáyá 480 lọ kó tó dì. Láti ìgbà náà, ẹ̀rọ ló ń ṣe iṣẹ́ ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró. Wọ́n á fún òpó ńlá ní ìdè, wọ́n á da omi oògùn tó ní pọtásíọ̀mù sínú iṣan ọkàn, ọkàn á sì dúró jẹ́ẹ́. Gbogbo ìṣẹ́jú tó bá fi dúró ni wọ́n ń kà.

Wọ́n á gé ìlẹ̀kùn tó bàjẹ́. Fún mitral, oníṣẹ́ abẹ tó mọṣẹ́ máa ń fi àwẹ́ ẹ̀yìn àti okùn rẹ̀ sílẹ̀ tó bá ṣeé ṣe, nítorí okùn yẹn ló jẹ́ kí yàrá ìsàlẹ̀ dúró ní ìrísí rẹ̀. Tí wọ́n bá gé gbogbo rẹ̀ dànù, ọkàn máa ń rẹ̀ kánkán. Wọ́n á wọn ojú ihò. Nọ́ńbà aortic sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 19, ti mitral láti 25, mìlímítà ni. Èyí tó kéré jù fún ara aláìsàn á dà bíi pé ìlẹ̀kùn ṣì fún. Òwú bíi 12 sí 16 ni wọ́n ń gún yí ká, ọ̀kọ̀ọ̀kan a gba ara ọkàn, a gba etí ìlẹ̀kùn tuntun, wọ́n á wá ti ìlẹ̀kùn sọ̀kalẹ̀ lórí òwú náà, wọ́n á so ó. Ibi tí wọ́n ti máa ń fara balẹ̀ jù ni yíyọ afẹ́fẹ́: wọ́n á dojú orí aláìsàn sísàlẹ̀, wọ́n á fa afẹ́fẹ́ jáde, nítorí afẹ́fẹ́ tó bá gòkè lọ sí ọpọlọ, rọpárọsẹ̀ ni. Echo á fihàn bóyá ìlẹ̀kùn ń ṣí, bóyá ó ń jò létí. Protamine á pa agbára heparin, wọ́n á fi wáyà irin dì egungun àyà, ó parí.

Ẹbí tó bá kọ́kọ́ wọ ICU máa ń bẹ̀rù. Ojú aláìsàn wú, rọ́bà wà lẹ́nu rẹ̀ tí kò lè sọ̀rọ̀, wọ́n lè ti fi aṣọ so ọwọ́ rẹ̀ kó má bàa fà á yọ. Rọ́bà méjì tàbí mẹ́ta ń jáde láti àyà sínú ìgò. Ìgò yẹn ni nọ́ọ̀sì ń wò jù. Tí ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ bá ń ju mílílítà 200 lọ ní wákàtí kan tí kò sì dín kù, ó ṣeé ṣe kí wọ́n dá a padà sí yàrá iṣẹ́ abẹ. Tó bá ṣàdédé dáwọ́ dúró tí ìfúnpá sì ń lọ sílẹ̀, ìyẹn burú jù, ẹ̀jẹ̀ lè ti dì yí ọkàn ká. Nǹkan bíi ìdá kan nínú mẹ́ta ni ìlù ọkàn wọn máa ń dàrú láàárín ọjọ́ kejì sí ìkẹrin, kì í ṣe pé iṣẹ́ bàjẹ́. Oògùn amiodarone ni wọ́n sábà fi ń tún un ṣe, ẹ rántí orúkọ yẹn, a óò padà sí i. Òwú aortic ń gba ẹ̀gbẹ́ wáyà iná tí Ọlọ́run fi sínú ọkàn kọjá. Lára ènìyàn díẹ̀, wáyà náà kì í padà ṣiṣẹ́, wọ́n á sì fi ẹ̀rọ tó ń ta ọkàn jí sábẹ́ awọ.

Ó wá ku warfarin. Ó máa ń gba bíi ọjọ́ márùn-ún kó tó wọlé tán, abẹ́rẹ́ heparin ló ń dúró dè é. INR ni ìwọ̀n bí ẹ̀jẹ̀ ṣe pẹ́ tó kó tó dì: ti ẹni tí kò lo oògùn jẹ́ 1. Onírin tuntun ní aortic, láìsí wàhálà mìíràn, ń wá 2 sí 3. Ti mitral ń wá 2.5 sí 3.5, nítorí ẹ̀jẹ̀ ń fẹsẹ̀ rìn gba ibẹ̀ kọjá. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò nílé ìwòsàn, lẹ́yìn náà ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, tó bá ti dúró sójú kan, oṣooṣù. Kò sí “ara mi ti le, mi ò yẹ̀ ẹ́ wò mọ́.”

Ilé àyẹ̀wò pàápàá lè ṣì yín lọ́nà. Ìgò olómorí búlúù ni wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ náà sí, omi díẹ̀ sì ti wà nínú rẹ̀: ẹ̀jẹ̀ mẹ́sàn-án sí omi kan. Tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé ojú àmì, omi á pọ̀ jù, INR á sì jáde ga ju bó ṣe rí lọ, wọ́n á dín oògùn yín kù láìnídìí, ẹ̀jẹ̀ á dì. Ẹ wo ìgò náà fúnra yín kó tó kúrò lójú yín. Tí ìwé èsì bá kọ PT (iye ìṣẹ́jú àáyá tí ẹ̀jẹ̀ lò kó tó dì) nìkan láìkọ INR, ẹ dá a padà. Ẹ̀rọ kékeré tó ń lo ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ ìka kan wà, bíi CoaguChek. Bí ìjọ tàbí ẹgbẹ́ bá ń wá ohun tí wọ́n máa fi ṣàánú aláìsàn ọkàn, ẹ̀rọ náà àti bébà rẹ̀ wúlò ju apẹ̀rẹ̀ èso lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ máa lo warfarin, kó lè ṣeé pààrọ̀ lọ́jọ́ náà tí èsì bá jáde lọ́sàn-án. Tí ẹ bá gbàgbé, ẹ lò ó kí ọjọ́ tó yí. Tí ọjọ́ bá ti yí, ẹ fò ó, ẹ má lo méjì pọ̀. Àwọn tó ń gba oògùn láti òkè òkun, ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa: àwọ̀ kì í ṣe ọ̀kan. Ní Britain, oníbúráwùn jẹ́ 1 mg, búlúù jẹ́ 3, píǹkì jẹ́ 5. Ní Amẹ́ríkà, píǹkì jẹ́ 1, búlúù jẹ́ 4. Ẹni tó ń lo píǹkì kan lálẹ́ láti ọwọ́ àbúrò rẹ̀ ní London, tó wá bọ́ sí píǹkì ti Houston, ti já sí ìdá kan nínú márùn-ún oògùn rẹ̀. Milligram ni kí ẹ kà, ẹ má ka àwọ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́ ti dá wàhálà sílẹ̀ nínú ilé púpọ̀. Òótọ́ ni pé vitamin K inú ewébẹ̀ ń bá warfarin jà: tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, úgwú, ewúro, ewédú, gbogbo wọn ní in. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní kí aláìsàn má jẹ ẹ̀fọ́ mọ́ láéláé kò ràn án lọ́wọ́. Ara tí vitamin K kò sí nínú rẹ̀ rárá, ìwọ̀nba díẹ̀ tó bá jẹ lọ́jọ́ àríyá ló máa da INR rú. Bí ẹ ṣe ń jẹ ẹ́ lọ́sẹ̀ kan ni kí ẹ máa jẹ ẹ́ lọ́sẹ̀ kejì, dókítà á fi oògùn bá oúnjẹ yín mu. Ọtí àmupara, àgbo, àti aáyù tàbí atalẹ̀ tí wọ́n ń lò bí oògùn ni kí ẹ yàgò fún.

Oògùn kẹ́míìsì ló ń ṣe ju oúnjẹ lọ. Flagyl àti Septrin lè gbé INR sókè fíofío láàárín ọjọ́ díẹ̀. Amiodarone tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan máa ń gba kí wọ́n dín warfarin kù ní bí ìdá kan nínú mẹ́ta sí ìdajì, agbára rẹ̀ sì ń wà lára fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá dá a dúró, nítorí náà INR á tún máa já wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Rifampicin ti ikọ́ ẹ̀gbẹ àti Tegretol ti wárápá ń fà á wálẹ̀. Ibuprofen àti diclofenac ń mú kí inú ṣẹ̀jẹ̀. Alabukun náà, ásípírìn ló wà nínú rẹ̀, ẹ má fojú kékeré wò ó. Paracetamol ló dára fún ìrora, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń lo giramu 2 sókè lójúmọ́ fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ lọ yẹ INR wò. Ẹ má gba abẹ́rẹ́ ibà sí ìdí, ẹ má sín gbẹ́rẹ́. Tí ẹ bá ṣubú lórí ọ̀kadà tí ẹ sì fi orí gbá nǹkan, ilé ìwòsàn tààrà, kódà kí ojú yín mọ́ kedere.

Àwọn oògùn ìgbàlódé tí kò nílò àyẹ̀wò INR, rivaroxaban, apixaban, dabigatran, kì í ṣe fún ìlẹ̀kùn onírin. Wọ́n dán dabigatran wò, wọ́n dá ìwádìí náà dúró, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2013, nítorí ẹ̀jẹ̀ ń dì, ẹ̀jẹ̀ sì tún ń ya. Apixaban náà kùnà ní 2022. Kẹ́míìsì tó bá fi wọ́n rọ́pò warfarin nítorí warfarin tán lọ́jà ń fi ẹ̀mí ṣeré.

Onírin máa ń dún, tìkì tìkì, bí aago. Ó máa ń dí oorun lọ́wọ́ ní oṣù àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà etí á gbà á. Ìgbà tó bá dákẹ́ lójijì, tí èémí sì ń já, ni kí ẹ bẹ̀rù: ẹ̀jẹ̀ ti lè dì mọ́ ọn, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́.

Egungun àyà ń gba bíi ọ̀sẹ̀ 12 kó tó le tán. Láàárín ìgbà náà, ẹ má gbé ohun tó ju kílò 4 tàbí 5 lọ, ẹ má gún iyán, ẹ má pọn omi, ẹ má pọn ọmọ, ẹ má fa okùn jẹnẹrétọ̀. Ìdọ̀bálẹ̀ náà, ẹ fi sílẹ̀: bí ẹ ṣe ń fọwọ́ tilẹ̀ dìde ń ya egungun náà. Àgbà tó bá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ní kà á sí àìlẹ́kọ̀ọ́. Tí ẹ bá ń gbọ́ kí egungun máa ta kèkè nígbà tí ẹ bá yí padà, tàbí tí omi ń jáde lójú ọgbẹ́, ẹ padà lọ. Ẹ máa gun òṣùwọ̀n láràárọ̀ lẹ́yìn ìtọ̀, kí ẹ tó jẹun. Kílò 2 láàárín ọjọ́ mẹ́ta, omi ni, kì í ṣe ẹran.

Obìnrin tó ń lo warfarin kò gbọdọ̀ ṣèèṣì lóyún. Láàárín ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkejìlá, warfarin lè ba egungun àti ojú ọmọ jẹ́, pàápàá tó bá ju 5 mg lọ lójúmọ́. Ṣùgbọ́n kí ó dá a dúró fúnra rẹ̀ burú jù, nítorí oyún ń mú kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Kí nǹkan oṣù tó pẹ́ ju ọjọ́ mélòó kan lọ, kó ti wà níwájú dókítà, kí wọ́n pinnu bóyá abẹ́rẹ́ enoxaparin ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ yóò rọ́pò rẹ̀ fún ìgbà náà.

Ibà lára ẹni tó ní ìlẹ̀kùn àfirọ́pò kì í ṣe ibà lásán. Ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún ibà ẹ̀fọn, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kí oògùn apakòkòrò kankan tó wọ ẹnu tàbí iṣan, kí wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ fún blood culture (àyẹ̀wò tó ń wá kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀), ẹ̀ẹ̀mẹta, láti ojú ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Oògùn “taifọ́ọ̀dù” ọjọ́ márùn-ún á rẹ ibà náà sílẹ̀, á sì pa ẹ̀rí kòkòrò tó ń jẹ ìlẹ̀kùn mọ́, tó fi jẹ́ pé nígbà tí ibà bá padà dé, kò ní sí ẹni tó mọ oògùn tó máa pa á. Tí ẹ bá ń lọ yọ eyín, amoxicillin giramu 2 ni ní ìṣẹ́jú 30 sí 60 ṣáájú, fún ẹni tí ara rẹ̀ gba penicillin.

Pípààrọ̀ ìlẹ̀kùn kò pa ibà oríkèé. Kòkòrò ọ̀fun lè tún padà wá ba àwọn ìlẹ̀kùn tó kù jẹ́, nítorí náà benzathine penicillin, yúnìtì 1,200,000 fún àgbàlagbà, ń bá a lọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, títí di 40 ọdún ó kéré tán fún ọ̀pọ̀ wọn. Abẹ́rẹ́ inú ẹran ara nìyẹn, ẹ sì ń lo warfarin. Kí INR wà ní ìwọ̀n rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí nọ́ọ̀sì lo abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó bá lè gba oògùn náà, kó sì tẹ ojú ibẹ̀ pẹ́. Tí ibẹ̀ bá ń wú lọ́pọ̀ ìgbà, dókítà lè yí i padà sí penicillin V oníhóró, 250 mg ní ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́.

Kí ẹ tó kúrò nílé ìwòsàn, ẹ gba káàdì ìlẹ̀kùn yín: irú rẹ̀, nọ́ńbà ìwọ̀n rẹ̀, nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n fi sí i, àti INR tí ẹ ń wá. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí oṣù mẹ́ta, ẹ ṣe echo kan tí wọn ó máa fi gbogbo echo iwájú wé, ẹni tó bá ń ṣe é kò sì lè mọ bóyá nọ́ńbà tó ń rí dára láìmọ̀ pé 21 ni ìlẹ̀kùn náà tàbí 25. Ẹ ya fọ́tò káàdì náà, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni méjì nínú ẹbí tí wọ́n máa ń gbé fóònù.